Ẹ Má Tíì Ra Throttle

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn onímọ́tò àti ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa: bí iná check engine bá tàn, tí ọkọ̀ kò sì fẹ́ sáré mọ́ bó ti wù kí a tẹ iná tó, kí wọ́n ṣáà ti ki ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń skáànì bọ̀ ọ́. Bí kóòdù P2135 bá jáde, wọ́n á ní sẹ́ńsọ̀ throttle ti kú, ó di ọjà Ládípọ̀ láti lọ ra tòkúnbọ̀ mìíràn. Irọ́ ni. Kóòdù náà kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kankan kú, ẹni tó bá sì kà á bẹ́ẹ̀ ń fi owó olówó ṣòfò, ó tún ń fi àrùn gidi sílẹ̀ lára ọkọ̀.

Nínú ọkọ̀ tí throttle rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ń lo iná, kò sí okùn irin tó so ẹsẹ̀ awakọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà lára pẹ́dàlì tí a fi ń tẹ iná, méjì mìíràn wà lára throttle. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn rewáyà ń pè ní brain box, ló ń fún wọn ní iná 5 fóltì, òun náà ló ń ka iye tó bá padà wá. Wọ́n ṣe é ní méjì-méjì kí ọ̀kan lè jẹ́rìí sí èkejì. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bí throttle bá wà ní pípadé, ìlà kìíní máa ń wà láàárín 0.5 sí 1.1 fóltì, èkejì láàárín 2.1 sí 3.1, méjèèjì á sì jọ máa gòkè bí a ti ń ṣí i. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, bí ọ̀kan ti ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, àpapọ̀ wọn kì í sì í jìnnà sí 5. Nígbà tí ẹ̀rí àwọn méjèèjì kò bá bára mu mọ́, kọ̀ǹpútà á kọ P2135 sílẹ̀, á gba iná lọ́wọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń yí throttle, sípíríǹgì á sì dá ilẹ̀kùn rẹ̀ dúró ní ṣíṣí díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń rákò.

Ẹ kíyè sí i pé kọ̀ǹpútà kò rí sẹ́ńsọ̀ rárá. Iye fóltì tó dé ẹnu wáyà tirẹ̀ nìkan ló rí. Láàárín òun àti sẹ́ńsọ̀, wáyà wà níbẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, áàtì wà níbẹ̀. Èyíkéyìí tó bá ṣẹ̀ nínú wọn lè bí kóòdù kan náà. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A ń fi omi alágbára fọ ẹ́ńjìnnì, a ń wakọ̀ kọjá nínú àgbàrá, eku ń jẹ wáyà, rewáyà àná sì ti gé wáyà ó fi téèpù dí i: gbogbo èyí ló ń ba sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ tó gbó. Nínú ọkọ̀ mìíràn, sẹ́ńsọ̀ tó ń wo gáàsì AC tún máa ń pín nínú ìlà 5 fóltì kan náà. Bí iyẹn bá jóná, ó lè fa ìlà náà wálẹ̀, throttle á pariwo, ọ̀daràn á sì jókòó jẹ́ẹ́ níwájú ọkọ̀.

Mítà ni yóò yanjú rẹ̀. Kí a ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jí, kí a wọn ìlà 5 fóltì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì throttle. Bí kò bá pé, kí a máa yọ àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń bá a pín in lọ́kọ̀ọ̀kan títí iná yóò fi padà. Bí ó bá pé, kí a dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, kí a wọn láti áàtì sẹ́ńsọ̀ dé orí nẹ́gátíìfù bátìrì. Bí mítà bá ju 0.1 fóltì lọ, áàtì kò dára. Kí a máa mi wáyà bí a ti ń wò ó. Lẹ́yìn èyí ni kí a rọra tẹ pẹ́dàlì, kí a máa wo ìlà méjèèjì. Ìlà tó bá já lójijì níbì kan náà ní gbogbo ìgbà, nígbà tí 5 fóltì àti áàtì dára, sẹ́ńsọ̀ ti gbó lóòótọ́. (Ẹ má ki ìka bọ throttle tí iná wà lára rẹ̀, ó lágbára tó láti ṣe yín léṣe.)

Àwọn kan á ní, “A ti pààrọ̀ throttle rí, iná check engine sì kú.” Yíyọ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti kíkì í padà máa ń ha ìpẹtà kúrò lẹ́nu wáyà. Ọkọ̀ á sáré fún ìgbà díẹ̀, òjò á rọ̀, kóòdù á padà, ẹni tó ta tòkúnbọ̀ ni wọn yóò sì máa bú. Àtakò tó gba ìrònú jù ni pé sẹ́ńsọ̀ náà máa ń bàjẹ́, mo sì gbà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ní kí NASA wádìí àwọn Toyota tí wọ́n ní wọ́n ń sáré fúnra wọn, ìròyìn tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2011 sọ pé wọn kò rí àbùkù iná kankan tó lè ṣí throttle gbayawu. Ṣùgbọ́n nínú pẹ́dàlì kan, wọ́n rí fọ́nrán tánganran tín-ín-rín tó hù láti ara sẹ́ńsọ̀ kan kan èkejì. Sẹ́ńsọ̀ ló jẹ̀bi lọ́jọ́ náà. Wíwọ̀n ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n.

Òmíràn á ní nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, a kì í rí sẹ́ńsọ̀ rà lọ́tọ̀, odindi throttle ni. Ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ kí a kọ́kọ́ wọn iná, nítorí owó mítà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó throttle. Tòkúnbọ̀ náà sì ti ara ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtàn rẹ̀ wá. Kódà èyí tó dára, nínú ọkọ̀ bíi Nissan, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún kọ́ ibi tí ó ń padé sí; bí kò bá kọ́ ọ, ẹ́ńjìnnì lè máa sáré jù níbi tó dúró sí, wọ́n á sì tún dá ẹjọ́ ikú fún throttle kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bi rewáyà yín pé: fóltì mélòó lẹ bá lórí ìlà 5? Mélòó lẹ bá lórí áàtì? Ibo ni ìlà ti já? Bí kò bá ní nọ́ńbà kankan láti sọ, kò tíì yẹ ọkọ̀ náà wò.