Ohun Tí A Fẹ̀sọ̀ Mú: Ọ̀rọ̀ Ara Obìnrin Tó Ń Jókòó Láti Àárọ̀ Dalẹ́

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Orí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, orí ilẹ̀ ẹbí, orí ọmọ tó ya pòkíì ni àwọn àgbà ti sábà máa ń pa òwe yìí, láti fi pẹ̀tù sọ́kàn ẹni tí inú ń bí. Mo fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí. Mo fẹ́ fi í wo ara àwa obìnrin Ìbàdàn òde òní, àwa tí a ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, tí a sì ń wá ọ̀nà tí a ó fi gba okun wa padà.

Ẹ wo obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Dùgbẹ̀. Micra gbé e lẹ́nu ọ̀nà ilé ní Bódìjà, ó já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́, ó bọ́ sórí àga, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi ti báńkì. Ẹ wo oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta léèsì ní Challenge: orí àga oníke ló wà, ọmọ ọjà ló ń nàgà mú aṣọ wálẹ̀, ọmọ ọjà náà ló ń lọ ra oúnjẹ ọ̀sán wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá ní Agbowó ńkọ́? Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń kàwé, orí bẹ́ẹ̀dì náà ló ti ń jẹun. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó rẹ gbogbo wọn. Ẹni tó bá sọ fún wọn pé wọn kì í lo ara wọn tó, wọ́n á bínú sí i, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà fún ilé wọn. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ọpọlọ àti àárẹ̀ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Ring Road yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe. Alábàárù tó ń ru àpò ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà kọ́ ni mò ń bá wí. Ìsinmi ni ara tirẹ̀ ń wá.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Ìbàdàn. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2022 fi hàn pé àgbàlagbà 31 nínú 100 ni kì í lo ara bó ṣe yẹ, ìyẹn nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.8 èèyàn. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀: 34 nínú 100, tí ti ọkùnrin sì jẹ́ 29.

Ohun tí ìjókòó ń ṣe sí wa kì í tètè hàn síta. Iṣan ìdí, tó yẹ kó máa gbé wa dìde, a di ohun tí a kàn ń jókòó lé. Iṣan iwájú itan a máa le. Iṣan ikùn tó yẹ kó di ọ̀pá ẹ̀yìn mú láti iwájú a dẹ̀, gbogbo ẹrù a wá já lé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, kò wá ní sí ọjọ́ tí a ò ní máa ké pé ẹ̀yìn ń dùn wá. Bẹ́ẹ̀, láti nǹkan bí ẹni 30 ọdún ni iṣan ara èèyàn ti ń dín kù, ìwọ̀n 3 sí 8 nínú 100 láàárín ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì tún ń yára sí i lẹ́yìn 60 ọdún. Ẹni tí kì í lo tirẹ̀ ló ń pàdánù jù. Tí nǹkan oṣù bá wá dáwọ́ dúró, egungun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́.

Kí ni obìnrin yìí máa ń ṣe lọ́jọ́ tó bá wo dígí tí ohun tó rí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn? Ó máa ń fagbára mú un. Oṣù Kìíní dé, ó ra bàtà tuntun, ó ń sáré ní Awolowo Avenue ní kùtùkùtù, òun tí kò sáré mọ́ láti ìgbà tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Tàbí kó tan fídíò ọmọ ogún ọdún kan, kó máa bá a fò sókè fò sílẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, orúnkún ti wú. Ẹlòmíràn a fi bẹ́líìtì rọ́bà di ikùn pinpin débi pé kò ní rí èémí mí dáadáa. Ẹlòmíràn ń mu tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé, ìgbẹ́ gbuuru ló sì ń fún un. Bí ìrora bá ti wọ̀ ọ́, a padà sórí àga, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kì í ṣe pé obìnrin yìí kò nífẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Agbára tó fi bẹ̀rẹ̀ ló ju ohun tí oríkèé ara rẹ̀ lè gbé lọ. Ojú ẹja tí iná bá pọ̀ jù fún a gan, eyín kì í ràn án mọ́. Ara tó ti sùn fún ọdún mẹ́wàá, tí a wá fi pàṣán jí, a gan bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń polówó eré ìdárayá tí wọ́n ń pè ní Pilates fún ẹni tí kò lo ara rẹ̀ rí. Orúkọ èèyàn ni. Ìlú Mönchengladbach ní Jámánì ni wọ́n ti bí Joseph Pilates lọ́dún 1883, ọmọ tí kò lókun ni: asthma ń dí i léèémí, egungun rẹ̀ kò sì le bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ogun ká a mọ́, wọ́n sì kó òun àtàwọn ọmọ Jámánì mìíràn lọ sí àgọ́ ní Isle of Man. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní eré ìdárayá tí kò gba ju ìwọ̀n ilẹ̀ tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ sí lọ. Wọ́n máa ń sọ pé ó so sípíríǹgì mọ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn kí wọ́n lè máa lo apá àti ẹsẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀. Lọ́dún 1926, ó dé New York, òun àti Clara, obìnrin tó bá a ṣiṣẹ́ títí dọjọ́ ikú rẹ̀ ní 1967, àwọn oníjó tó fara pa sì ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, kì í ṣe ara àwọn akíkanjú ni ìlànà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ara tó ṣàìlera, ara tó wà ní àhámọ́, ara tó fara pa, àwọn ni a ṣe é fún.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan nínú àwọn eré náà. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì fi ilẹ̀ tì. Ẹ fa èémí gba imú kí ìhà fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí èjìká má gbé sókè. Bí ẹ ti ń tú èémí náà sílẹ̀ lẹ́nu, ẹ rọra fa ìsàlẹ̀ ìdodo wọlé, ẹ sì fún iṣan tí a fi ń dá ìtọ̀ dúró, kó sún sókè. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdí kúrò nílẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ìdí lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà àárín ẹ̀yìn, egungun kan tẹ̀lé èkejì, títí yóò fi ku èjìká nìkan lórí ẹní. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ mí. Ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ ṣe gòkè, láti òkè ẹ̀yìn wá sí ìdí. Ẹni tó ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ á ní kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹfà, itan ti ń gbọ̀n, òógùn ti yọ níwájú orí, obìnrin náà á sì rí i pé òun ní iṣan níbi tí òun ò fura sí. Ẹni tó sáré ṣe é lógún ìgbà láìdá èémí mọ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ohun tó kọ́kọ́ ń yí padà lára kì í ṣe títóbi iṣan. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ọpọlọ ló ń kọ́ bó ṣe máa ránṣẹ́ sí iṣan tó ti ń sùn, tí iṣan náà á sì dá a lóhùn. Ara á ti máa le sí i kí dígí tó rí ohunkóhun sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń já a jù sílẹ̀, ó sì máa ń dùn mí, torí iṣẹ́ ti ń lọ nínú. Tí èèyàn bá fi nǹkan bí oṣù méjì ṣe é, lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, agbára ikùn á ti pọ̀ sí i, ẹ̀yìn àti itan á rọ̀, ìdúró á gún. Ní ti ẹ̀yìn ríro, àwọn onímọ̀ Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó ìwádìí 10 jọ lọ́dún 2015, èyí tí èèyàn 510 kópa nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe kí Pilates dín ìrora kù ju kí èèyàn fọwọ́ lẹ́rán lọ. Wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé ó ju àwọn eré ìdárayá mìíràn lọ. Ó yẹ ká máa sọ apá kejì yìí síta pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà fi tà wá bí àgbo gbogboǹṣe.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwa obìnrin kì í fẹ́ sọ. Lẹ́yìn ọmọ kejì, ọmọ kẹta, tí a bá wúkọ́ tàbí tí a bá rẹ́rìn-ín gan-an, ìtọ̀ a máa já lára ọ̀pọ̀ wa. A á rọra wọ páàdì, a ò ní lọ síbi tí kò bá sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a á ní bí ìyá ọmọ ṣe máa ń rí nìyẹn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Iṣan tó tẹ́ sísàlẹ̀ ikùn, tó gbé àpò ìtọ̀ àti ilé ọmọ dúró, ló dẹ̀. Fífún iṣan yìí le ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, máa ń fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, iṣan kan náà ni a sì ń pè síṣẹ́ pẹ̀lú èémí nínú Pilates. Iye obìnrin tó ń fi ìtìjú gbé èyí ká nínú ìlú yìí, tí ìwòsàn rẹ̀ sì wà nítòsí, ni kì í jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Pilates kò ní bá yín jó ọ̀rá ikùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó fẹ́ dín ọ̀rá kù á fi ìrìn kíákíá kún un, á sì wo bí òkèlè àmàlà alẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 2020 ni pé kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ọkàn yára díẹ̀, kó sì fi ọjọ́ méjì, ó kéré tán, ṣiṣẹ́ lórí okun iṣan. Ọjọ́ méjì yẹn ni Pilates lè dí.

Àwọn kan á ní ẹ̀sọ̀ tí mò ń wí yìí, ọ̀lẹ ló jọ. Rárá o. Òwe náà kò ní ká fi nǹkan sílẹ̀. Ó ní ká mú un. Ẹni tó fẹ̀sọ̀ mú nǹkan kò jẹ́ kó bọ́, ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí oṣù kìíní bá tán tí ìdí gbígbé tí mo ṣàlàyé lókè ti rọrùn, ó tó àkókò láti gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, kí ìdí máa wà lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń tún ohun kan náà ṣe láti ọdún dé ọdún láìfi nǹkan kún un, okun rẹ̀ á dúró lójú kan.

Bí ẹ bá sì fẹ́ òṣùwọ̀n okun yín, ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ara sílẹ̀. Ẹ lọ wo ibi ìsọmọlórúkọ. Ẹ wo obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, kí ẹ wo bó ṣe ń dìde: ó di àga mú, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, ó ní "ẹ gbà mí o," gbogbo èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Ìdí, itan àti ikùn ló ń gbé èèyàn dìde lórí ìkúnlẹ̀. Obìnrin tó ń fún wọn le lẹ́ni ogójì ọdún ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ tí yóò pé àádọ́rin, kó lè lọ sí balùwẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dá a ṣe. Aboyún, pàápàá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ sé èémí mọ́nú. Ẹni tí egungun rẹ̀ ti fúyẹ́ kò gbọ́dọ̀ máa ká ẹ̀yìn síwájú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí àárín ikùn rẹ̀ là sí méjì, físíò ni kó kọ́kọ́ rí. Wọn ò sì jìnnà sí wa: ilé ìwòsàn UCH tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957 ní wọn, Yunifásítì Ìbàdàn ló sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè físíò ní Nàìjíríà, lọ́dún 1966.

Owó jíìmù Bódìjà kì í ṣe ti gbogbo èèyàn, ẹ̀rọ Pilates alásípíríǹgì sì wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹní àti ilẹ̀ ni èyí tí mo sọ lókè gbà. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ àtàwọn alásàlátù ti ní gbọ̀ngàn, wọ́n ti ní ẹní, wọ́n ti ní ọjọ́ ìpàdé. Kí wọ́n pe físíò kan wá ní wákàtí kan ṣáájú ìpàdé, kó kọ́ wọn bí a ṣe ń mí kó tó kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé ìdí kúrò nílẹ̀.