Abẹ́rẹ́ Àyẹ̀wò Lẹ́yìn Ìpààrọ̀ Kíndìnrín: Ó Ha Léwu Bí?

Láti ọdún 2000 tí ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Erékùṣù Èkó ti ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì mọ́ ní ìpínlẹ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1966 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Minnesota ti ń fi páńkíríásì, ẹ̀yà inú tó ń pèsè ínsúlíìnì, kún kíndìnrín fún alátọ̀gbẹ tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ìbéèrè kan náà ló ń kojú aláìsàn lọ́hùn-ún àti níhìn-ín: bí dókítà bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ lára ẹ̀yà tuntun náà fún àyẹ̀wò, ṣé kí a gbà?

Èrò tiwa ni pé kí a gbà. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé kíndìnrín tuntun kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ó lè jẹ́ pé ara ń kọ̀ ọ́, ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn, ó sì lè jẹ́ pé oògùn ló pọ̀ jù. Ìtọ́jú wọn tako ara wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ ń kọ kíndìnrín nílò oògùn tó túbọ̀ ń tẹ agbára ìjà ara rì. Bí a bá fún ẹni tí kòkòrò ń bá jà ní irú rẹ̀, a ti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Ti páńkíríásì tilẹ̀ le jù, nítorí kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó gòkè, ìbàjẹ́ ti lè jìnnà.

Ewu wà, a kò sẹ́ ẹ. Ẹ̀jẹ̀ lè dà. Ní ti páńkíríásì, abẹ́rẹ́ lè ba ìfun tó yí i ká. Ṣùgbọ́n dókítà kì í gún un ní àfọ́jú. Ẹ̀rọ skáànì ń fi ọ̀nà abẹ́rẹ́ hàn án, wọ́n á ti kú ojú ibẹ̀, ẹran tí wọ́n sì mú kò ju fọ́nrán òwú lọ. Ìsàlẹ̀ ikùn, nítòsí awọ, ni kíndìnrín tuntun máa ń wà, ó sì rọrùn láti rí. Díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ewu ńlá ń bá.

Ìfura àwọn ènìyàn wa kò ṣàìnídìí. Ọ̀pọ̀ ló ṣì rántí pé ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù dá Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu lẹ́bi lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n mú láti Èkó lọ nítorí kíndìnrín rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí yàtọ̀ pátápátá. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì ti kà á léèwọ̀ kí a mú ẹran ara ènìyàn láìgba àṣẹ rẹ̀, àfi ní pàjáwìrì ìtọ́jú.

Ẹ̀yin ará Kétu, Ìkòsì àti Mile 12, Ilé Ìwòsàn Ìjọba Gbàgádà, tó ní ibùdó ìtọ́jú ọkàn àti kíndìnrín, kò jìnnà sí yín. Ẹ lọ béèrè ohun tí kò bá yé yín. Kí wọ́n tó gún yín, ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lo asipírìn tàbí àgbo. Bí ìtọ̀ bá sì pupa tàbí ikùn bá ń ro yín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ padà sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.