Kí ọdẹ tó nu ìbọn nílé, kó kọ́kọ́ yọ ẹ̀tù inú rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Apátí ni irin tó máa ń gbéra láti lu ibi tí iná ti ń ṣẹ́ lára ìbọn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìbọn kò lè dún. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ní làákàyè tí yóò fi àyà ara rẹ̀ dán irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wò. Ó wá yani lẹ́nu pé ohun tí ọdẹ kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni nínú igbó ni àwọn kan ń ṣe nínú ilé wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá jókòó láti nu ìbọn. Ẹ̀tù wà nínú ìbọn, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ìyẹ̀wù, ọmọ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ baba rẹ̀, ó ń wòran.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìpáò-Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, níbi tí igbó ilẹ̀ Èkìtì ti ń lọ pàdé ti Kogí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn-ún ti Ẹ̀sùn-ún, ní agbègbè Ìpáò sí Òkè-Àkò. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè bá àwọn ará ibẹ̀ wí pé wọ́n fẹ́ kí ọdẹ wà nítòsí. Lóòótọ́, Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ lọ́dún 2020, wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ ló mọ ọ̀nà inú igbó. Ìbọn tó ń so mọ́ àjà tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń gbé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kíkì ni wọ́n sì ń kì í sílẹ̀.

Ìbọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí kì í ṣe ìbọn ìléwọ́. Òfin ìbọn ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí ó kà léèwọ̀, àfi ẹni tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fún níwèé àṣẹ. Ìbọn ọdẹ tó ń lo katiríìjì wà ní ìpín kejì. Ṣakabùlà, tí wọ́n ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù, wà ní ìpín kẹta. Òun náà ní òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ọdẹ, òun náà ló sì ń fẹ́ ìtọ́jú jù.

Ìtọ́jú ọ̀hún kì í ṣe àṣejù. Ẹ̀tù dúdú máa ń fi èérí sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn lẹ́yìn tó bá dún. Èérí yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí iyọ̀ ṣe ń ṣe nígbà òjò. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, irin yóò dípáàrà, yóò sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tín-ín-rín. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ mọ́ ẹni tó ń yin ín lójú. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ló ń fọ èérí náà kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò nù ún gbẹ, wọn yóò sì fi òróró díẹ̀ pa á lára. Ọdẹ tó bá ṣe èyí kò ṣe àṣìṣe kankan.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé kí a tó bẹ̀rẹ̀, ta ló wo inú ìbọn? Àwọn kan gbà pé bí wọ́n bá ti yọ kápù kékeré tó ń ṣáná kúrò, ó ti parí. Kò parí. Ẹ̀tù àti ọta ṣì wà nísàlẹ̀, iná tó bá ta sí ihò rẹ̀ láti ibòmíràn lè mú kó dún. Nítorí náà ni yíyá ìbọn tútù nídìí ààrò fi jẹ́ ohun ẹ̀rù.

Ọ̀nà tí ọdẹ fi lè mọ̀ kò le. Nígbà tí ìbọn bá ṣófo dájú, kó ki ọ̀pá ìkìbọn bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀, kó sì fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí ọ̀pá náà bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Lọ́jọ́ mìíràn, bí àmì náà bá yọ síta lókè ẹnu ìbọn, nǹkan wà nínú rẹ̀. Iye owó àmì yìí kò tó kọ́bọ̀ kan.

Èkejì ni dídán apátí. Irin dídán wu ojú, pàápàá bí ọdún Ògún bá ń bọ̀. Kí ọdẹ nu ara apátí kò burú. Ṣùgbọ́n eyín kékeré kan wà nínú lọ́hùn-ún tó di apátí mú kí ọwọ́ tó fà á. Ẹni tó bá fi sáńpépà tàbí fáìlì dán eyín náà títí ó fi ń yọ̀, ó ti sọ ìbọn rẹ̀ di èyí tó lè dún bí ó bá kàn ṣubú lulẹ̀. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tó mọ̀ ọ́n, tó sì ní àṣẹ, nìyẹn.

Ọdẹ lè bèèrè pé bí òun bá yọ ẹ̀tù, tí ajínigbé wá dé ńkọ́? Ẹ̀tù wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni bí ìbọn bá dún lálẹ́ ní Ìpáò, ìlú á dàrú, wọn á ní ogun dé. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ìbọn kíkì wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti tú ìbọn palẹ̀ kò lè fi í ṣọ́ ẹnikẹ́ni lásìkò náà. Ohun tó kù ni kí wọ́n má ṣe jọ nu ìbọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí kọjá agbára ọdẹ kan ṣoṣo. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ ọdẹ àti ààfin yan gbàgede kan lẹ́yìn ìlú, kí wọ́n yan ọjọ́ àti wákàtí ọ̀sán tí gbogbo ìlú mọ̀. Ibẹ̀ ni ọdẹ yóò ti máa yin ìbọn tó wà ní kíkì dànù sínú òkìtì ilẹ̀, tí yóò sì ti nù ún, tí àgbà ọdẹ kan yóò máa bojú tó wọn. Ìdajì ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìdajì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìlú kò ní já, ìṣọ́ kò sì ní dá. Bákan náà, kí ẹ̀tù ní ibi ìpamọ́ tí ọmọdé kò lè dé.

Ìyá ọmọ tí ìbọn baba rẹ̀ bá ṣe ní jàǹbá kò ní bèèrè bóyá ajínigbé ni tàbí àkísà ìnubọn. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú lọ́wọ́ ará ìta, kó kọ́kọ́ ṣọ́ ilé tirẹ̀ lọ́wọ́ ìbọn ara rẹ̀.