Kí Olùkọ́ Ìwakọ̀ Bá Ọmọ Wa Dé Ojú Ọ̀nà Márosẹ̀

Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, tí ó dúró ra dòdò Ìkirè fún àwọn ará ilé, yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí a fẹ́ sọ lónìí. Ọkọ̀ àjàgbé ń lọ, ọkọ̀ akérò ń sáré, ọlọ́kadà ń bọ̀ lójú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, obìnrin tí ó ru ẹrù ọjà sì ń wá àyè láti sọdá. Láàárín gbogbo ìwọ̀nyí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nídìí ọkọ̀, tí ó jẹ́ pé ọjọ́ náà gan-an ni ó kọ́kọ́ wakọ̀ dé ojú ọ̀nà márosẹ̀. Kò sí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èrò ni ó kún ẹ̀hìn rẹ̀.

Àwa kò dá ọmọ náà lẹ́bi. Bí a ti kọ́ ọ ni ó ṣe mọ̀ ọ́n. Orí pápá àti àdúgbò tí ọkọ̀ kò pọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Ìkirè àti Apòmù ti ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Wọ́n mọ bí a ti ń fi ẹ̀hìn rìn, wọ́n sì mọ bí a ti ń yà sí ọ̀tún àti sí òsì. Ẹ̀kọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ẹ̀kọ́ ni. Ẹni tí ó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nínú odò tí kò kọjá orúnkún, kí ó má ṣe rò pé òun ti mọ ọ̀sà.

Òfin ìrìnnà Nàìjíríà gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàyè láti sáré dé kìlómítà 100 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ 50 péré nínú ìlú. Ọkọ̀ tí ó ń sá 100 yóò ti lọ tó mítà 28 kí ènìyàn tó pe orúkọ ara rẹ̀ tán. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò yí lẹ́hìn tí a bá ti tẹ bírékì. Ojú tí eré inú ìlú nìkan ti mọ́ lára kò lè wọn èyí láìsí ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Báwo ni a ti ń bọ́ sáàárín ọkọ̀ tí ń sáré? Nígbà wo ni ó yẹ kí a wo dígí kí a tó gba apá òsì kọjá ọkọ̀ iwájú? Báwo ni a ti ń jìnnà sí ọkọ̀ àjàgbé nígbà òjò? Pápá kò lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí.

Àwọn baba wa mọ èyí. Láyé ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà, ọmọ iṣẹ́ a máa bá ọ̀gá rẹ̀ lọ, a sì máa bá a bọ̀, títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ gbogbo kọ́nà, kí ọ̀gá tó fi ìdí ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá náà yóò sì jókòó tì í.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀nà márosẹ̀ léwu jù fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́. Ìlú Ọba náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2018, wọ́n yí òfin padà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Wales: akẹ́kọ̀ọ́ lè dé ojú ọ̀nà márosẹ̀ bí olùkọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí bá jókòó tì í, tí bírékì sì wà lẹ́sẹ̀ olùkọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí yóò dá ibẹ̀ lọ lọ́la, ó sàn kí ó bá ẹni tí ó mọ̀nà lọ lónìí.

Ní tiwa, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó wà láti ọdún 1988, Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Àjọ náà ni ó ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ: kí ilé ẹ̀kọ́ kankan má ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé ẹ̀rí títí olùkọ́ yóò fi bá a wakọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí ọkọ̀ ẹ̀kọ́ ní bírékì méjì, kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé àti Ìṣọ̀kan sì ran àwọn ọmọ tálákà lọ́wọ́ láti san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ pé a kì í fún ọmọ ní ìwé ẹ̀rí lórí ẹ̀kọ́ tí a kò kọ́ ọ. Ẹ bá wa sọ ọ́ fún àwọn òbí, pàápàá àwọn tí ń fi owó ra ìwé àṣẹ fún ọmọ tí kò mọ ọkọ̀ wà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Nígbà ìpolongo ìbò, ẹ̀yin ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Ẹ bi ẹni tí ó fẹ́ gbé yín: ta ni ó kọ́ ọ, níbo ni ó sì ti kọ́ ọ? Ẹ sì bi olùdíje tí ń tọrọ ìbò yín ohun tí yóò ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní àkọ́já, kí wọ́n lè máa lọ, kí wọ́n sì máa bọ̀.