Ta Ni Yóò Kọ́ Ọmọ Àgbẹ̀ Ìletò?

Ní ọdún 1963 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò. Ìjọba Amẹ́ríkà fi owó ràn án lọ́wọ́, Yunifásítì Harvard sì bá a fi ètò ẹ̀kọ́ lélẹ̀. Ìwé, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n jọ ń kọ́ níbẹ̀. Oore ni, àwa kò sì ní ṣe aláìmoore.

Ní 1961 ni àwọn ọ̀dọ́ Peace Corps pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí wá kọ́ni ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí a bá rán lọ sí ìgbèríko nínú wọn nígbà náà, atúpà ni ó máa ń fi yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò lálẹ́. Ìgbà tí ó bá wá mọ èdè díẹ̀, tí ó mọ ọmọ tí ó sá ẹ̀kọ́ àti èyí tí bàbá rẹ̀ mú lọ sí oko kòkó, ọdún méjì rẹ̀ pé, ó di ẹrù rẹ̀.

Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ní 1961 nítorí káàdì tí ọ̀kan nínú wọn kọ sílé nípa wa. Ó tọ́ kí ó bí wọn. Ṣùgbọ́n tíṣà tí a rán lọ sí ìletò ẹ̀bá ẹnubodè lónìí, tí ó ń wá ẹni tí yóò bá a yí i padà sí Abẹ́òkúta, ṣé òyìnbó ni?

Kí ìjọba Ògùn kọ́ ilé fún tíṣà ìgbèríko, kí ó sì fi owó kún owó oṣù rẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ fún un ní ilẹ̀ díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó máa ra iṣu.