Ṣé Ẹ̀rọ Ti Sáré Jù Wá Lọ?

  

Gbogbo ẹni tó wá sípàdé tó kọjá ló rí bí ìyá wa kan ní láìnì elélùbọ́ ṣe dìde, tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, tí ẹkún ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá ra àpò èlùbọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun ò mú káàṣì dání, òun á ṣe tránsífà. Ó tẹ fóònù rẹ̀, fóònù ìyá náà dún, ọmọ tó wà ní ìṣọ̀ kejì bá wọn kà á, ó ní álẹ́ẹ̀tì ti wọlé. Orúkọ báǹkì wà lórí ẹ̀, iye owó pé. Alábàárù gbé àpò, ó di gbére. Nígbà tí wọ́n dé báǹkì lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kò sówó kankan tó wọlé. Owó àjọ ni wọ́n sì fi ra ọjà ọ̀hún.

Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ fòfin de tránsífà nínú ọjà yìí, kó jẹ́ owó lọ́wọ́, ọjà lọ́wọ́. Wọ́n ní ayé ti yára jù, pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣe lóde yìí ti kọjá ohun tó yẹ. Àwọn mìíràn ní tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ká kúkú ti ṣọ́ọ̀bù ká lọ sùn. Ìyálọ́jà ní kí n kọ èrò mi síwèé kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀, níbi tí a ó ti pinnu. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ lọ́jà, ojú mi sì ti rí díẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rán yín létí ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo pupa, tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá epo ti wà lọ́hùn-ún, awakọ̀ ni mo ń fún ní lẹ́tà. Ó di ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, kí èsì tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ fi tẹlifóònù pe èèyàn, ọ́fíìsì NITEL ló ń lọ tò sí. Owó ọjà ńkọ́? Inú ọ̀já la ń dì í sí, ká so ó mọ́ ìdí, ká máa gbàdúrà títí a ó fi débẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà wa léèrè, wọ́n á sọ ti àwọn tí adigunjalè tú ọ̀já ìdí wọn lójú ọ̀nà, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wálé.

Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Ẹ rántí? Síìmù nìkan lé ní ₦20,000. ₦50 la fi ń sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan, bó o bá sì sọ "ẹ n lẹ́" lásán kó o gé e, owó ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n á yọ. A ní ti olówó ni. Lónìí, ẹni tí mo ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ á ya fọ́tò epo, á fi ránṣẹ́ sí mi, n ó sanwó, ọkọ̀ á gbé e wá, n kò ní kúrò ní ìṣọ̀ mi.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ìjọba ní àwọn fẹ́ pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Wọ́n gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ wa, tuntun ò tó. Èèyàn sùn sẹ́nu ẹ̀rọ ATM. Owó la fi ń ra owó lọ́dọ̀ oní-POS. Tòmátì rà mọ́ àwọn alátà lọ́wọ́. Títí tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́, ta ló ń rí ọjà tà? Ẹni tó ń gba tránsífà ni. Èmi tí mo ti búra pé n kò ní fọwọ́ kàn án, àbíkẹ́yìn mi ló bá mi tò ó sórí fóònù lọ́sẹ̀ náà, òun la sì fi jẹun. Àìmoore ni tí mo bá dìde lónìí pé ká lé e jáde lọ́jà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn ńlá abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ nítòsí Ivory Coast. Iṣẹ́ dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ báǹkì lọ́wọ́. Oníbàárà lówó, kò lè san án. Ọlọ́jà lọ́jà, kò lè tà á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dé rí, òun ló da ọjà rú. Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tó bá kó gbogbo owó rẹ̀ sínú fóònù, ọ̀nà kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀ yẹn.

Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù, ara mi ló ṣẹlẹ̀ sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ni, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ mi obìnrin ni. Ó ń sunkún, ó ní mọ́tò àwọn dànù, pé òun wà lọ́sibítù, wọn ò ní fọwọ́ kan òun àfi tí owó bá wọlé. Ó ní kí n yára. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ti ń wá awò ojú mi tí n ó fi tẹ nọ́ńbà. Bí mo ṣe máa ń ṣe tí ọmọ bá ń sunkún, mo fi oríkì pè é. Láti kékeré ẹ̀, kò sí ohun tó lè máa ṣe é, tí mo bá ti fi oríkì pè é, á kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná. Ohùn yẹn ò dáhùn. Owó nìkan ló ń bèèrè. Ara fu mí. Mo gé e, mo pe nọ́ńbà ọmọ mi tí mo mọ̀. Ọbẹ̀ ló ń sè nílé ọkọ ẹ̀, jẹ́jẹ́.

Bóyá ẹ̀rọ ló sín ohùn ọmọ mi jẹ, bóyá èèyàn ni, n kò lè búra. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè ṣe é báyìí. Lóṣù kìíní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ Microsoft sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe, VALL-E lorúkọ ẹ̀. Tó bá ti gbọ́ ohùn èèyàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 péré, á máa fi ohùn náà sọ ohun tí ẹni yẹn ò sọ. Lọ́dún 2024, ní Hong Kong, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà, ó ń gbọ́ ohùn wọn, ó ń rí ojú wọn. Wọ́n ní kó sanwó. Ó san nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là Amẹ́ríkà. Gbogbo ojú tó rí lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ ló ṣe é, kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀. Ẹni yẹn kàwé o, iṣẹ́ owó ló sì ń ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ìyá elélùbọ́ ṣẹ̀sín nínú ọjà yìí, kó yáa panu mọ́.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ayé tí a wà yìí, ojú pàápàá ti ń purọ́. Geoffrey Hinton, tó wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lélẹ̀, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Google lọ́dún 2023 kó lè ráyè kìlọ̀ ewu ẹ̀ fáráyé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gba ẹ̀bùn Nobel. Tí alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ̀bẹ bá ní ká ṣọ́ra, ṣé ẹni tó ń fi ọ̀bẹ gé ẹran á máa ṣeré?

Ṣé ẹ̀rọ ti wá sáré jù? Tèmi ni pé ó sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Èèyàn ló ń ṣe é, èèyàn ló ń tì í jáde kó tó ronú kan ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó. Álẹ́ẹ̀tì, òyìnbó ló fi ń wá. O pe báǹkì, wọ́n ní kó o tẹ ọ̀kan, kó o tẹ méjì. Àwa tí a ò kàwé púpọ̀ ni eré yẹn ń fi sẹ́yìn. A ò lè ní kí ayé dúró dè wá. Ṣùgbọ́n òfin inú ọjà, ọwọ́ wa ló wà.

Mi ò fọwọ́ sí i pé ká lé tránsífà. Ohun tí mo fẹ́ ká fẹnu kò sí nìyí. Fóònù tó dún, kì í ṣe owó. Ìwé tí oníbàárà fi hàn ọ́ lójú fóònù tiẹ̀, kì í ṣe owó. Iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ nìkan lowó. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ owó kà nínú wa, ìbáà má tilẹ̀ mọ A. Mọ iye tó wà níbẹ̀ kó o tó tajà, tún wò ó lẹ́yìn tí oníbàárà ní òun ti san. Tí kò bá tíì lé, kí alábàárù má gbé ẹrù. Káwọn ọmọ wa tó mọ̀wé kọ́ wa bí a ṣe ń wò ó, lọ́jọ́ ìpàdé, láìnì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ́ wa ni mo wí o, kì í ṣe ká fún wọn ní nọ́ńbà àṣírí wa kí wọ́n máa bá wa tẹ̀ ẹ́.

Èkejì, ká máa fi káàṣì díẹ̀ sílẹ̀ nílé de ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ. Ẹ̀kẹta, kí ìyá àtọmọ ní ọ̀rọ̀ kan láàárín ara wọn tí ẹlòmíì ò mọ̀. Oríkì ló gbà mí, ṣùgbọ́n ará àdúgbò mọ oríkì ọmọ wa. Ẹ wá òmíràn. Tí ẹni tó ń pè ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gé e, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà tẹ́ ẹ mọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní, lọ́jọ́ ọjà tí èrò pọ̀, ta ló ráyè dúró wo iye àkáǹtì? Oníbàárà lè bínú lọ sí ìṣọ̀ ẹlòmíì. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òfin gbogbo ọjà. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣe é, wọ́n á pè é ní aláìgbàgbọ́. Tí gbogbo wa bá ń ṣe é, oníbàárà á mọ̀ pé bí ọjà wa ṣe rí nìyẹn, ẹni tó bá sì sanwó lóòótọ́ ò ní sá.

Èyí tó kẹ́yìn: àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì, kó má fi bò nítorí ìtìjú. Kó ké sí báǹkì lójú ẹsẹ̀, kó sì wá sọ fún ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà, káwọn tó kù lè ṣọ́ra. Mo sì bẹ̀ yín, ní ti ìyá wa elélùbọ́, ẹ jẹ́ ká dáwó kí wọ́n lè san owó àjọ yẹn. Èmi ti fi tèmi sọ́wọ́ akápò.

Ẹ wá sípàdé o. Ẹni tí kò bá lè ka ìwé yìí, ẹ bá a kà á sétí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ṣiṣẹ́ fólè jẹ.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́