Oòrùn Àárọ̀ Nìkan Kò Tó
Bí ẹyinjú ọmọ jòjòló bá pọ́n bí ìyeyè, gbígbé e sí oòrùn àárọ̀ ni àwọn ìyá àgbà l'Áfọ̀n máa ń kọ́kọ́ dábàá. Wọn ò kúkú purọ́: ìmọ́lẹ̀ ló ń wo ibà pọ́njú. Àmọ́ oòrùn lásán a máa jó ọmọ lára. Nínú ìwádìí ilé ìwòsàn aboyún Lagos Island, tó jáde ní 2015, ọ̀rá tó ń sẹ́ ìtànṣán tó ń jóni kúrò ni wọ́n fi bo àtíbàbà tí wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ sí abẹ́ rẹ̀. Ó sì ṣiṣẹ́ bíi iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń wo ibà náà nílé ìwòsàn. Kò wọ́n, kò sì bẹ NEPA. Ìjọba, ẹ ṣe irú àtíbàbà yìí sí Ayétòrò àti Ìlaró. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ mìíràn jẹ́, ibà pọ́njú á sì mú wọn. Ẹ tètè gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, kí ibà náà tó kan ọpọlọ.